Ìbáramu Olùwà àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ìṣòro Akẹ́kọ̀ọ́ Ọmọ Yorùbá àti Ọ̀nà Àbáyọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìbáramu tó gbọ́dọ̀ wà láàrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá jù lọ bí ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ṣe ń darí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe. A fi gírámà Yorùbá wé ti Gẹ̀ẹ́sì láti fi hàn pé púpọ̀ nínú àṣìlò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní orísun tí a lè tọ́ka sí. Àwọn orísun náà ni gírámà èdè abínibí, ètò ìró, àṣà ìbọ̀wọ̀fágbà àti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a dábàá àwọn ìgbésẹ̀ tí olùkọ́ lè gbé nínú kíláàsì. Èrò wa ni pé olùkọ́ tó bá mọ gírámà Yorùbá dunjú ni yóò lè la ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ Yorùbá.

1.0 Ìfáárà

Ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń ṣeré, òun ni wọ́n fi ń ra nǹkan lọ́jà, òun náà ni wọ́n sì fi ń kí òbí wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń dán ìmọ̀ wọn wò nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Nínú àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àjọ WAEC, máàkì 10 nínú 50 ni a yà sọ́tọ̀ fún ìkọsílẹ̀ tí kò ní àṣìṣe gírámà, àmì ìkọ̀wé àti sípẹ́lì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe bá olùwà mu lè ti pàdánù máàkì wọ̀nyí kí olùyẹ̀wò tó dé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí èrò inú àròkọ náà dára tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá sì yege nínú Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé ọ̀nà yunifásítì há fún òun.

Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tó dúró níwájú kíláàsì tó wí pé “Everybody have come”, ti fi gbólóhùn náà sí etí gbogbo ọmọ tó jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí kò ṣe ẹnu olùkọ́ náà.

Fífi èdè abínibí ṣe àtẹ̀gùn sí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè wa. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láti ọwọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tìtorí èyí rẹ̀yìn. Ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ èdè ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láìpẹ́ yìí: ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò èdè ìkọ́ni. Èyíkéyìí tí ìlànà ìbáà jẹ́, ọmọ tó wà nínú kíláàsì kò yí padà: gírámà Yorùbá ló gbé wá láti ilé. Àwọn àgbà sì ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nínú iṣẹ́ yìí, àmì ìràwọ̀ (*) ń tọ́ka sí gbólóhùn tí kò bá gírámà mu.

2.0 Ẹyọ àti Ọ̀pọ̀ nínú Gírámà Yorùbá

Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí ìrísí rẹ̀ padà nítorí iye. Ohun tó yí i ká ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹyọ ni tàbí ọ̀pọ̀: ìwé kan, ìwé méjì, àwọn ìwé, ìwé wọ̀nyí, ìwé ńláńlá. Ìgbà mìíràn wà tí a kì í tilẹ̀ sọ iye rárá. Bí ẹnìkan bá wí pé “Mo ra ẹja”, a kò mọ̀ bóyá ọ̀kan ló rà tàbí mẹ́wàá, kò sì pọn dandan kí a mọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í yí padà nítorí olùwà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) (a) Mo lọ.
(b) O lọ.
(d) Ó lọ.
(e) A lọ.
(ẹ) Ẹ lọ.
(f) Wọ́n lọ.

(2) (a) Ọmọ náà ń sùn.
(b) Àwọn ọmọ náà ń sùn.

“Lọ” kan náà ni láti (1a) dé (1f). “Ń sùn” kan náà ló wà nínú (2a) àti (2b). Iṣẹ́ títọ́ka iye ti parí lára olùwà, kò sí ohun tó kù fún ọ̀rọ̀-ìṣe láti ṣe.

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn onímọ̀ tó fara kan ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbólóhùn bíi “Ọmọ́ lọ”, ohùn òkè kan máa ń hàn ní ìparí olùwà kí a tó kan ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn àárín ni “ọmọ” ní níbi tó bá dá dúró. Bámgbóṣé kà á sí àmì ìbáramu olùwà. Awóbùlúyì ní tirẹ̀ kà á sí àmì àsìkò. Kì í ṣe iṣẹ́ wa níhìn-ín láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tó ṣe kókó fún wa ni pé ohùn òkè náà kì í yí padà nítorí iye: “Ọmọ́ lọ”, “Àwọn ọmọ́ lọ”. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ àmì ìbáramu, kì í ṣe ìbáramu ẹyọ àti ọ̀pọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò, nítorí èyí, pé Yorùbá kò mọ ìbátan tó wà láàrin iye àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ wo (3):

(3) (a) Gbé àga yẹn wá.
(b) Kó àwọn àga yẹn wá.
(d) *Kó àga kan ṣoṣo yẹn wá.

“Gbé” ni a ń lò fún ohun kan, “kó” ni a ń lò fún ohun púpọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣì wọ́n lò. Ìyàtọ̀ méjì ló wà láàrin èyí àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́nà kìíní, àbọ̀ ni ó ń pinnu èyí tí a ó lò, kì í ṣe olùwà. Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó pa ìrísí dà. Síbẹ̀, olùkọ́ lè ti ibí wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé (3d) kò dùn létí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iye ohun tí à ń sọ lè pinnu ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ kí a lò.

3.0 Bí Ìbáramu Ṣe Rí nínú Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bẹ̀rù ìbáramu bí ẹni pé ó gba gbogbo gírámà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní tòótọ́, àyè rẹ̀ kò tóbi. Àsìkò ìsinsìnyí nìkan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń fi iye olùwà hàn, bí olùwà náà bá sì jẹ́ ẹni kẹta ẹyọ nìkan ni àfòmọ́ ìparí “-s” ń wọlé: “I work, you work, we work, they work”, ṣùgbọ́n “he works”. Nínú àsìkò tó ti kọjá, “worked” ni fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn aṣèrànwọ́ bíi “can”, “may”, “must” àti “will”, kò sí “-s” rárá. “Have” di “has”, “do” di “does”. “Be” nìkan ló ní ẹ̀ka púpọ̀: “am”, “is” àti “are”, pẹ̀lú “was” àti “were” tí wọ́n jẹ́ ti àsìkò tó ti kọjá.

Àjẹkù ètò àtijọ́ ni “-s” yìí jẹ́. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ní àfòmọ́ fún oríṣiríṣi ẹni àti iye. Ẹni tó bá ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 yóò rí “goeth” àti “saith” níbi tí a ti ń lo “goes” àti “says” lónìí. Àwọn àfòmọ́ yòókù ti wọmi, “-s” ẹni kẹta ẹyọ nìkan ló ṣẹ́kù. Nítorí pé òun nìkan ló kù, kò sí ètò kan tó hàn gbangba tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbé e ró.

Ohun tó tún mú un ṣòro ni pé “-s” kan náà ń ṣe iṣẹ́ méjì tó kọjú ìjà sí ara wọn. Lára ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀pọ̀ ló ń tọ́ka sí. Lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹyọ ni:

(4) (a) The boy goes to the farm.
(b) The boys go to the farm.
(d) *The boys goes to the farm.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ (4d) rò pé bí olùwà bá ti ní “-s”, ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní tirẹ̀ kí wọ́n lè bára mu. Ìrònú rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé gírámà ńlá tí Quirk, Greenbaum, Leech àti Svartvik gbé jáde ní 1985, ìlànà mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àlàyé ìbáramu. Ìlànà kìíní ni ti gírámà: olùwà ẹyọ gba ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ, olùwà ọ̀pọ̀ gba ti ọ̀pọ̀. Ìlànà kejì ni ti èrò: ohun tí asọ̀rọ̀ ní lọ́kàn lè borí ìrísí. Ìlànà kẹta ni ti ìsúnmọ́: ọ̀rọ̀-orúkọ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù lọ lè fà á mọ́ra.

Ìlànà ti èrò ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ wo (5):

(5) (a) Twenty thousand naira is too much for this cloth.
(b) Twenty thousand-naira notes are on the table.

Àwọn oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí Òṣómàálò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Nígbà tí Òṣómàálò bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, gbèsè kan ló wá gbà. Bí owó náà ti wù kó pọ̀ tó, odidi kan ni lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí (5a) fi gba “is”. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tẹ́ owó sílẹ̀ fún un tó ń kà á ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ti di ohun púpọ̀. Ìdí nìyí tí (5b) fi gba “are”. Bákan náà ni “committee” àti “family”: ẹyọ ni bí a bá rò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú òyìnbó sì lè lò wọ́n bí ọ̀pọ̀ bó bá jẹ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. “Police” àti “people” ní tiwọn máa ń jẹ́ ọ̀pọ̀: “The police are here.”

Ìlànà ìsúnmọ́ hàn nínú “either... or” àti “neither... nor”: “Neither the principal nor the teachers were present.” “Teachers” ló sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, òun ló sì darí rẹ̀.

4.0 Orísun Àwọn Àṣìlò

Robert Lado, nínú ìwé rẹ̀ ti 1957, gbà pé ibi tí èdè méjì bá ti yàtọ̀ ni ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà. Ní 1967, S. P. Corder tẹnu mọ́ ọn pé àṣìlò jẹ́ ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń gbìyànjú láti dá òfin èdè tuntun mọ̀. Ojú méjèèjì ni a ó fi wo àwọn orísun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

4.1 Ètò Ìró

Fáwẹ̀lì tàbí àránmúpè ni sílébù Yorùbá máa ń parí sí, kò sì sí ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sọ “bread” di búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ bíi “wants”, “asks” àti “helps” parí pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ahọ́n máa ń kọ́kọ́ jù sílẹ̀, òun gan-an sì ni àmì ìbáramu. Ọmọ lè mọ òfin náà lórí, kí ẹnu rẹ̀ má lè gbé e jáde. Ohun tí ẹnu kò sì pè ni ọwọ́ máa ń gbàgbé láti kọ.

4.2 Wọ́n Ọlọ́wọ̀

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a máa ń lo arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo: “Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun.” Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í pe bàbá rẹ̀ ní “ó”. Tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ ilé yìí ló ń tẹ̀ lé e:

(6) (a) *The Àtáọ́ja have arrived and they are sitting.
(b) The Àtáọ́ja has arrived and he is sitting.

Lójú akẹ́kọ̀ọ́, (6b) lè dà bí àfojúdi sí Kábíyèsí. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé pé oyè ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe a sì wà ní ẹyọ: “His Royal Majesty, the Ọwá Obòkun, is here.” Ó tún yẹ kó sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe bíi Yorùbá rí. “Thou” ni ẹni kejì ẹyọ nígbà kan, “you” sì ni ọ̀pọ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pe ẹnìkan ṣoṣo ní “you”, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lo “ẹ” fún àgbà, títí “thou” fi kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyí tí “you” fi ń gba “are” títí di òní, kódà bí a bá ń bá ọmọ kékeré kan sọ̀rọ̀. Ẹni kẹta nìkan ni ọ̀wọ̀ yìí kò dé nínú Gẹ̀ẹ́sì.

4.3 Ẹ̀yán Gígùn àti “Pẹ̀lú”

Bí ẹ̀yán bá pọ̀ láàrin orí àpólà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbàgbé olùwà gidi:

(7) (a) *One of the works of Susanne Wenger stand near the river.
(b) One of the works of Susanne Wenger stands near the river.

“One” ni orí àpólà náà. “Works” wulẹ̀ wà lára ẹ̀yán rẹ̀ ni. Ìṣòro tó jọ èyí ni ti “pẹ̀lú”. Nínú Yorùbá, “Olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti dé” àti “Olùkọ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti dé” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “and” ń so olùwà méjì pọ̀ di ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n “with”, “together with” àti “as well as” kì í ṣe bẹ́ẹ̀: “The teacher, together with his students, has arrived.”

4.4 Gbogbo àti Olúkúlùkù

“Gbogbo ènìyàn” pọ̀ lójú Yorùbá, “wọn” sì ni arọ́pò rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “everybody”, “everyone”, “each” àti “nobody” jẹ́ ẹyọ ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe: “Everybody has come”, “Each of the pupils has a book.” “Olúkúlùkù” ló sún mọ́ èrò inú wọn ju “gbogbo” lọ. Olùkọ́ tó bá túmọ̀ “everybody” sí “ẹnì kọ̀ọ̀kan” fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti dín ìṣòro náà kù.

4.5 Ọ̀rọ̀-Orúkọ tí Ìrísí Rẹ̀ Ń Tan Ni

“News” àti “mathematics” ní “-s”, ṣùgbọ́n ẹyọ ni wọ́n. “Trousers” àti “scissors” jẹ́ ọ̀pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò kan ni Yorùbá ń rí: “My trousers are torn.” “Information”, “luggage”, “furniture” àti “equipment” jẹ́ aláìṣeékà, wọn kì í gba “-s”, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ sì ni tiwọn. Ìwọ̀nyí kò ní ọgbọ́n mìíràn ju kí a kọ́ wọn sórí nínú gbólóhùn.

4.6 Àtúnṣe Àṣejù

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti bá wí títí nítorí “-s” lè bẹ̀rẹ̀ sí fi í síbi gbogbo: “*I goes”, “*He can goes”, “*Does she knows?” Èyí kì í ṣe ipa èdè Yorùbá, ìbẹ̀rù ló bí i. Nínú “Does she know?”, “does” ti gbé “-s” náà, kò sì sí ìdí láti tún un gbé.

5.0 Àbá fún Olùkọ́

Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta fún gbólóhùn tó bá rú u lójú: kó wá orí àpólà olùwà, kó fi “he”, “she”, “it” tàbí “they” rọ́pò gbogbo àpólà náà, lẹ́yìn náà ni kó tó yan ọ̀rọ̀-ìṣe. Fún àpẹẹrẹ, “The grove, with its many shrines, ... visitors every August”: orí ni “grove”, arọ́pò rẹ̀ ni “it”, nítorí náà “attracts” ni. Kí olùkọ́ ṣọ́ra níbi tí olùwà bá ti jẹ́ àgbà, nítorí pé “they” ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọmọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnu ṣáájú ọwọ́. Kí àwọn ọmọ máa pe “want, wants, ask, asks, help, helps” sókè ní méjìméjì, títí etí yóò fi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Àtúnṣe inú ìwé kò lè wo ohun tí etí kò gbọ́ sàn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a lo Yorùbá láti ṣàlàyé. Kí a kọ (2) àti (4) sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sọ ohun tó yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a lo “gbé” àti “kó” láti fi hàn wọ́n pé èrò náà kò ṣàjèjì.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ ṣọ́ra fún òfin àbùjá tó wí pé “-s” kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn, yálà lára olùwà tàbí lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó wúlò fún “The boy goes” àti “The boys go”, ṣùgbọ́n ó já sí asán níbi “The children go” àti “The news is good.”

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, nígbà tí olùkọ́ bá ń yẹ iṣẹ́ wò, kí ó kọ orísun àṣìlò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìró, ọ̀wọ̀, ẹ̀yán, “gbogbo”, ìrísí tàbí àṣejù. Bí ó bá kà wọ́n pọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, yóò mọ èyí tó ń yọ kíláàsì tirẹ̀ lẹ́nu jù, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í fi iye olùwà hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “gbé” àti “kó” fi hàn pé iye àbọ̀ ń darí ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà mìíràn. A ti fi hàn pé àyè kékeré ni ìbáramu gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì, àti pé àṣìlò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbẹ̀ kò ti orísun kan ṣoṣo wá. “He want” tó ti ara ìró wá kò ní oògùn kan náà pẹ̀lú “My father are” tó ti ara ọ̀wọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì kò bá “I goes” tó ti ara ìbẹ̀rù wá dọ́gba. Olùkọ́ tó bá fi pẹ́ńsù pupa kan náà fa ìlà sábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsọ ìyàtọ̀ wọn kò tíì kọ́ni. Nítorí náà, a dábàá pé kí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wa jọ máa kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí fífi èdè méjèèjì wéra, kí wọ́n tó rán wọn lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Òṣogbo, Iléṣà àti agbègbè wọn.